Abọ́ gíláàsì yín jáde pẹ̀lú àbàwọ́n? Ẹ yí i dà, kí ẹ wo ìdí rẹ̀

Gíláàsì yín dán gbinrin lánàá. Ẹ ti yọ́ ìpele méjì pọ̀, ó jáde pẹlẹbẹ, àwọ̀ rẹ̀ mọ́, ẹ tilẹ̀ ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ẹ wá gbé e lé móòdù kó lè di abọ́. Ilẹ̀ mọ́, ẹ ṣí iléru: ojú rẹ̀ ti ṣú, ìdí rẹ̀ rí gbágungbàgun bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́, apá kan sì ga ju ìkejì lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe lẹ́yìn èyí ni pé wọ́n á fi kún iná, wọ́n á ní bóyá kò jinná ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn abọ́ tí mo ti bà jẹ́, iná àpọ̀jù ló bà wọ́n jẹ́. Nǹkan kejì ni pé àbàwọ́n máa ń ní àyè tirẹ̀. Èyí tó wà lójú, èyí tó wà nídìí, èyí tó wà létí abọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìyá tó bí wọn. Bí ẹ bá mọ ibi tó wà, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ibi tí ẹ ti ṣì í.

Slumping ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Èmi á máa pè é ní títẹ̀, torí gíláàsì á rọ̀, á sì tẹ̀ sínú móòdù.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Gíláàsì tí ẹ ti yọ́ pọ̀, tó nípọn tó mílímítà 6, tí ẹ sì mọ irú rẹ̀. Gíláàsì iléeṣẹ́ Bullseye, tí COE rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí gíláàsì ṣe ń fẹ̀ tó bí ooru bá mú un) jẹ́ 90, ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ má yọ́ ọ pọ̀ mọ́ COE 96 tàbí gíláàsì fèrèsé. Bí ooru bá mú wọn, bí ẹnì kan ṣe ń fẹ̀ kọ́ ni ẹnì kejì ń fẹ̀. Bí wọ́n bá tutù, wọ́n á ya ara wọn.
- Móòdù amọ̀ sísun tó ní ihò kéékèèké nídìí
- Kiln wash (ìyẹ̀fun tí a ń pò mọ́ omi láti fi kun móòdù), búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ onírun rírọ̀, àti ìbòmú
- Òpó kúkúrú mẹ́ta tí a fi ń gbé móòdù kúrò lórí pẹpẹ iléru
- Ìwọ̀n olómi tí àwọn bíríkìlà fi ń wò ó bóyá nǹkan tẹ́jú
- Páàdì dáyámọ́ńdì tí a fi ń ha etí gíláàsì
- Tọ́ọ̀ṣì, ìbọ̀wọ́ tí ooru ò lè gbà kọjá, àti awò tó ń dáàbò bo ojú
- Ìwé àkọsílẹ̀ àti bírò. Mi ò fi èyí ṣàwàdà o.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yẹ gíláàsì wò kó tó wọ móòdù

Ooru tí a fi ń yọ́ gíláàsì pọ̀ máa ń tó 804°C sí 816°C. Èyí tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ kì í sábà kọjá 663°C. Ní ìwọ̀n yẹn, gíláàsì kàn rọ̀ ni, kò yọ́. Nítorí náà, ihò, ìlà, ẹ̀gún létí, èépá funfun, gbogbo ohun tó bá bá a wọlé ló máa bá a jáde. Àwọn kan gbà pé iná kejì á wẹ̀ ẹ́ mọ́. Kò ní wẹ nǹkan kan mọ́.

Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, kó máà wá láti òkè. Àbàwọ́n tí ẹ ò rí lọ́sàn-án á yọjú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òwú tútù nù etí gíláàsì yíká. Ibi tó bá ti fa òwú, ẹ̀gún wà níbẹ̀. Ẹ fi páàdì dáyámọ́ńdì ha á, kí omi máa kán sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó le, kí ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó kúnná, tí nọ́ńbà ìkúnná rẹ̀ (grit) tó 400 ó kéré tán, torí iná títẹ̀ kò lágbára tó láti dán ojú ibi tí ẹ ha.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* wọ́n á ha etí tán, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Ìyẹ̀fun gíláàsì tó bá gbẹ sára etí á di ìlà funfun lẹ́yìn iná, kò sì ní lọ mọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. Ẹ má sì fi ọwọ́ kan ojú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, pàápàá ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àkàrà tán. Etí ni kí ẹ máa dì í mú.

*Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti mọ́?* Ẹ da omi lé e. Bí omi bá tẹ́ lọ bí aṣọ, ó ti mọ́. Bí ó bá ń ṣe bíi omi orí ewé kókò, tó ń yí gbirigbiri lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òróró ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tún un fọ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kun móòdù

Kiln wash ni orúkọ tó wà lára ike rẹ̀. Èmi máa ń pè é ní ẹfun, torí kaolin wà nínú rẹ̀, ẹfun gan-an náà sì ni kaolin. Ìyẹ̀fun alumina ni wọ́n pò mọ́ ọn, òun ni kì í jẹ́ kí gíláàsì lẹ̀ mọ́ móòdù.

Ẹ wọn ìyẹ̀fun ife kan sí omi ife márùn-ún. Kó ṣàn bí wàrà, kó má ki bí ẹ̀kọ. Ìyẹ̀fun náà tètè máa ń sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀, nítorí náà ẹ rò ó ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mẹrin: lẹ́ẹ̀kan ní ìbú, lẹ́ẹ̀kan ní òró, lẹ́ẹ̀mejì ní ìdábùú, láti igun sí igun. Ẹ má tẹ búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí irun rẹ̀ kàn rá a lára. Ẹ lo ìbòmú nígbà tí ẹ bá ń wọn ìyẹ̀fun àti nígbà tí ẹ bá ń ha èyí tó ti gbẹ.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* ẹfun máa ń ṣàn jọ sí ìdí móòdù, á wá dí àwọn ihò ibẹ̀ pa. Ihò wọ̀nyẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde bí gíláàsì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Bí kò bá rọ́nà, ó lè há sábẹ́ gíláàsì kó sì ti ìdí abọ́ sókè. Ẹ da móòdù dé kí èyí tó pọ̀ jù kán sílẹ̀, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ la ihò kọ̀ọ̀kan kí ẹfun tó gbẹ.

Ọ̀rinrin náà ò dáa. Ẹ gbé móòdù nìkan sínú iléru, kí ẹ gbé ooru rẹ̀ dé 260°C fún ìdajì wákàtí, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tàbí ìbọ̀sẹ̀ náílọ́ọ̀nù àtijọ́ rọra pa ojú ẹfun kí ipa búrọ́ọ̀ṣì lè lọ. Ìlà tí ẹ bá fi sílẹ̀ lára ẹfun, ẹ máa bá a pàdé lára abọ́.

Ẹfun orí móòdù máa ń pẹ́. Mo ń lo ọ̀kan lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n bí ibì kan bá bó lára rẹ̀, ẹ má lẹ tuntun mọ́ ojú ibẹ̀ nìkan. Àlẹ̀mọ́ yẹn á ga ju ibi tó kù lọ, á sì hàn. Ẹ fọ gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ tún kùn ún.

*Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti dáa?* Ẹ gbé móòdù sókè síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo inú rẹ̀. Ihò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tàn bí ìràwọ̀. Èyí tí kò bá tàn, abẹ́rẹ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ tò wọ́n sínú iléru

Mo fi odindi oṣù kan bú gíláàsì mi pé ó ń wọ́ sápá kan. Ilẹ̀ yàrá ni kò tẹ́jú. Nítorí náà, ẹ gbé ìwọ̀n olómi lé pẹpẹ iléru, lẹ́yìn náà lé etí móòdù, ní ìbú àti ní òró.

Ẹ gbé móòdù lé òpó mẹ́ta tó ga tó sẹ̀ǹtímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó bá jáde nídìí rẹ̀ lè rọ́nà lọ. Ẹ fi í sí àárín gbùngbùn, kó jìnnà sí wáyà iná. Gíláàsì kò gbọ̀dọ̀ fẹ̀ ju etí móòdù lọ. Èyí tó bá yọ síta á há síbẹ̀, apá tó kù á sì sáré wọlé.

Ẹ kíyè sí àwọ̀ o. Gíláàsì dúdú máa ń tètè rọ̀ ju funfun tí ìmọ́lẹ̀ ò lè gbà kọjá. Bí apá kan abọ́ yín bá dúdú tí apá kejì sì funfun, dúdú ló máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, àfi kí ẹ dín eré iná kù gidigidi.

Kí ẹ tó ti ìdérí, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku gba abẹ́ rẹ̀. Eruku bíríkì tó bá já bọ́ sójú gíláàsì gbígbóná kò ní kúrò mọ́.

*Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó wà láàrin?* Ẹ fi rúlà wọn àyè tó wà láàrin etí gíláàsì àti etí móòdù níbi mẹ́rin. Kó má fi ju mílímítà kan síra.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ tan iná, kí ẹ sì jókòó tì í

Èyí ni ìṣètò tí mo ń lò fún abọ́ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25, tó sì nípọn tó mílímítà 6:

1. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé 540°C, kó máa gun 110°C ní wákàtí kan.
2. Láti ibẹ̀ dé 650°C, kó máa gun 80°C ní wákàtí kan. Kó dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15.
3. Kó sọ̀ kalẹ̀ sí 482°C bó bá ṣe lè yá tó, pẹ̀lú ìdérí ní títì. Kó sinmi níbẹ̀ fún wákàtí kan. Ìsinmi yìí ló ń tú ìfàro inú gíláàsì ká.
4. Kó máa sọ̀ 55°C ní wákàtí kan títí dé 370°C.
5. Ẹ pa á. Ẹ má ṣí i títí yóò fi tutù bíi yàrá.

Bó bá jẹ́ COE 96 ni, 510°C ni kó ti sinmi.

Àwọn ìwọ̀n yìí kì í ṣe òfin. Afẹ́fẹ́ inú iléru ni ọ̀pá tó ń wọn ooru ń kà, kì í ṣe gíláàsì fúnra rẹ̀. 650°C tèmi lè jẹ́ 640°C tiyín. Ojú yín ló máa sọ òótọ́.

Nítorí náà, àárọ̀ ni kí ẹ tan án, ẹ má tan án kí ẹ tó lọ sùn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ló máa tó 620°C. Láti ìgbà náà lọ, ẹ wọ awò àti ìbọ̀wọ́, kí ẹ máa yọjú wò ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún láti ojú ihò ìwòran. Bí iléru yín kò bá ní ihò, ẹ pa iná rẹ̀ ná, kí ẹ ṣí ìdérí níwọ̀n ìka kan fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré. Ẹ wo àwòrán wáyà pupa tó ń tàn lójú gíláàsì. Lákọ̀ọ́kọ́, ó tọ́ bí ìlà rúlà. Tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láàrin bí okùn tí a sá aṣọ tútù lé. Nígbà tí ìdí gíláàsì bá ti balẹ̀ sórí móòdù, iṣẹ́ ti parí. Ẹ tẹ kọntiróólà kó fo ìyókù ìṣẹ́jú, kó bọ́ sí ìgbésẹ̀ tó kàn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ bá fi kún un lẹ́yìn tó ti balẹ̀, ìdí abọ́ ló máa san án.

*Bí iná bá lọ ńkọ́?* Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà mọ̀ pé ìbéèrè yìí kì í ṣe àfiṣeré. Ẹ má ṣí iléru, ohunkóhun tó wù kó ṣẹlẹ̀. Bí iná bá dé tí ooru ṣì ga ju 482°C lọ, tí gíláàsì sì ti balẹ̀, ẹ mú un lọ tààrà sí ìsinmi 482°C. Bí kò bá tíì balẹ̀, ẹ máa bá títẹ̀ lọ láti ibi tó dúró. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ti sọ̀ dé ìsàlẹ̀ 370°C, ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: ẹ rọra gbé e láti ibi tó wà. Ẹni tó bá fi ìkánjú gbé e á gbọ́ "kọ́!" láti inú iléru.

Ìgbésẹ̀ 5: Ó jáde pẹ̀lú àbàwọ́n. Kí ló fà á?

*Ìdí rẹ̀ ń ha ọwọ́, ipa móòdù hàn lára rẹ̀.* Iná pọ̀ jù tàbí ó pẹ́ jù. Ìdí abọ́ kì í dán bí ojú rẹ̀ o; dídọ́jú díẹ̀ níbi tó ti kan ẹfun kì í ṣe àbàwọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè ka ipa búrọ́ọ̀ṣì lára rẹ̀, ẹ dín ooru kù ní 10°C nígbà mìíràn. Èyí tó ti ṣẹlẹ̀, páàdì dáyámọ́ńdì àti sùúrù ló kù.

*Ẹfun lẹ̀ mọ́ ọn.* Iná àpọ̀jù náà ni, tàbí ẹfun tó ti gbó. Ẹ rẹ ẹ́ sínú ọtí kíkan tí ẹ fi omi là fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Kó má sùn síbẹ̀ mọ́jú, torí kíkan lè jẹ ojú àwọn gíláàsì kan.

*Ìdí wú sókè láàrin.* Ẹ wo ihò móòdù lákọ̀ọ́kọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá là, a jẹ́ pé iná ló pọ̀. Bí ó bá wú díẹ̀, ẹ la ihò, kí ẹ dá abọ́ padà sínú móòdù ní ooru tó rẹlẹ̀. Ó lè sọ̀. Bó bá ti wú débi tí gíláàsì ti fẹ́lẹ́ níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ lù ú sí ihò. Ihò ni ẹ máa ní.

*Apá kan ga.* Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 3. Nínú gbogbo àbàwọ́n, èyí ló rọrùn jù láti tún ṣe: ẹ tún abọ́ náà gbé sínú móòdù tó tẹ́jú, kí ẹ gbé ooru lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ máa wò ó. Púpọ̀ nínú wọn ló ń padà bọ̀ sípò.

*Ojú rẹ̀ funfun bí omi ọṣẹ tó gbẹ sára fèrèsé.* Devit nìyẹn: ojú gíláàsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í di kírísítálì. Láàrin 700°C sí 760°C ló fẹ́ràn jù, ìdọ̀tí àti òróró ọwọ́ sì ni ó sábà máa ń dúró lé. Títẹ̀ Bullseye kì í dé ibẹ̀, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó ti wà láti ìgbà tí ẹ yọ́ ọ pọ̀, kí ẹ má kàn rí i ni. Ẹ rántí tọ́ọ̀ṣì. Bí iléru yín bá kọjá 700°C láìmọ̀, ẹ yẹ kọntiróólà wò. Láti tún un ṣe, ẹ ní láti ha gbogbo funfun náà kúrò, kí ẹ tẹ́ abọ́ padà sórí pẹpẹ, kí ẹ yọ́ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Lójú tèmi, iṣẹ́ yẹn ò tó èrè rẹ̀ fún abọ́ kékeré. Mo máa ń gé e sí wẹ́wẹ́, kí n fi ṣe nǹkan mìíràn.

*Ó là.* Ẹ fi ojú wo etí ibi tó là, ẹ má fi ọwọ́ kàn án. Bó bá ti yí róbótó, nígbà tí ooru ń gòkè ló là, iná wá rọ etí rẹ̀ lẹ́yìn náà: ẹ dín eré ìgòkè kù. Bó bá mú bí abẹ, nígbà tó ń tutù ló là: ìsinmi rẹ̀ kò tó, tàbí ẹnì kan ṣí ìdérí.

*Ó ṣe wínríwínrí, ó hunjọ bí awọ orí wàrà gbígbóná.* Gíláàsì fèrèsé nìkan ló ń ṣe èyí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń gba àjákù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe wíńdò alumíníọ̀mù, kò sì burú. Àmọ́ orí tánńganran (tin) yíyọ́ ni wọ́n ti ń ṣe gíláàsì fèrèsé, ojú tó kan tánńganran sì yàtọ̀ sí ìkejì. Bí ojú yẹn bá wà nínú abọ́, níbi tí gíláàsì ti ń fún jọ, òun ló ń hunjọ. Ẹ tan iná UV onígbì kúkúrú, 254 nm, sí i nínú òkùnkùn, pẹ̀lú awò lójú. Ojú tánńganran á tàn bí omi wàrà. Ẹ dojú rẹ̀ kọ móòdù. Ooru tirẹ̀ náà ga: mo ń tẹ̀ ẹ́ láàrin 700°C sí 720°C, ó sì ń sinmi ní nǹkan bí 550°C.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tún un dán wò, nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà. Ẹni tó bá dín ooru kù, tó tún pààrọ̀ móòdù, tó tún kun ẹfun tuntun lọ́jọ́ kan náà kò ní mọ èyí tó wò ó sàn. Bí èyí tó kẹ́yìn ṣe wà nínú ìwé tèmi nìyí: "Abọ́ búlúù, sẹ̀ǹtímítà 25. 652°C, ìṣẹ́jú 12. Ojú dáa, etí dọ́gba, ìdí ń ha ọwọ́ díẹ̀. Èyí tó ń bọ̀: 644°C, ìṣẹ́jú 12, má fọwọ́ kan ohun mìíràn."